Ohun Tí Òyìnbó Kọ́ sí Dùgbẹ̀, àti Ẹni Tó Sanwó Rẹ̀

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀ lónìí, tó dojú kọ Ilé Kòkó, á rí i pé ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ kò jìnnà síbẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá wà nítòsí, àwọn báńkì sì tò lọ bẹẹrẹ. Bó bá kọrí sí Gbàgí Àtijọ́, á kan Lebanon Street, níbi tí àwọn ará Lẹ́bánónì ti pàtẹ aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá wá gba ọ̀nà òkè, Oníreke àti Jẹ́ríkò ló máa bọ́ sí, àdúgbò tí ilé ti jìnnà síra, tí igi fi ìbòòji bo ojú ọ̀nà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣèèṣì bọ́ síbi tó wà. Ìjọba òyìnbó ló to èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìdí tó fi tò wọ́n.

Àríyànjiyàn lórí ìjọba yẹn kò tíì tán láàárín wa. Ẹnì kan á ní rélùwéè ńkọ́, ilé ìwé ńkọ́, omi ẹ̀rọ ńkọ́. Ẹlòmíì á ní owó-orí ńkọ́, iṣẹ́ àfipáṣe ńkọ́, ìwọ̀sí tí wọ́n fi kan àwọn baba wa ńkọ́. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ gan-an: ibi tí owó ti ń wọlé, ọ̀nà tó ń gbà, àti àpò tó ń bọ́ sí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí owó gbà, á lè dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 1893 ni Baálẹ̀ Fíjàbí àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Denton, ẹni tó ń ṣe adelé gómìnà ní Èkó. Wọn ò tọwọ́ bọ̀ ọ́ nítorí pé inú wọn dùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún tó ṣáájú, ìbọn òyìnbó ti fọ́ ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, Ìbàdàn sì gbọ́ bó ṣe rí. Kò pẹ́ tí Captain Bower fi dé gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba àkọ́kọ́, àwọn ará ìlú sì ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ajẹ́lẹ̀. Àwọn Ìbàdàn mọ ohun tí ajẹ́lẹ̀ jẹ́ dáadáa, torí àwọn gan-an ti rán ajẹ́lẹ̀ lọ sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tipẹ́, wọ́n ti gba ìṣákọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti kó ẹrú níbẹ̀, títí ogun Kírìjí fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1877 tó sì gba ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó tú ká pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Ìmẹ̀sí tàbí Ìkòlé lọ́dún yẹn lè rí òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣí ọ̀nà oko fún un, nígbà tí balógun kan ní Ìbàdàn rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba idà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1895, Bower yìí kan náà yin àgbá lu Ọ̀yọ́. Ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n kọ́ ní 1936 láti fi rántí rẹ̀ ṣì dúró ní Òkè Ààrẹ títí di òní, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń gùn ún láti wo gbogbo Ìbàdàn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin tó ti Èkó gba Abẹ́òkúta wá sí Ìbàdàn. Ọwọ́ àwọn lébìrà Yorùbá ló la igbó náà, orí wọn ni wọ́n fi ru yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ìbàdàn àtijọ́ yí Ọjà'ba ká ní orí òkè, ṣùgbọ́n irin kò fẹ́ òkè, ó fẹ́ ilẹ̀ tẹ́jú. Ìwọ̀ oòrùn ìlú, ní apá Dùgbẹ̀, ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ sí. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní Ọjà'ba. Ilé iṣẹ́ òyìnbó tó fẹ́ ra ọjà oko kò ní kọ́ ilé rẹ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú irin. John Holt wá, Paterson Zochonis wá, àwọn ará Faransé wá pẹ̀lú SCOA àti CFAO. Báńkì tẹ̀lé wọn, torí ẹni tó ń ra kòkó nílò owó ẹyọ lójoojúmọ́. Ìfìwéránṣẹ́ tẹ̀lé báńkì, torí wáyà ni wọ́n fi ń gbọ́ iye tí ọjà ń lọ ní Liverpool. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Lẹ́bánónì dé pẹ̀lú aṣọ, kí àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó lè rí nǹkan ná an lé lórí. Bí Dùgbẹ̀ àti Gbàgí ṣe di ọjà nìyẹn.

Ohun kan wà níbí tó yẹ ká tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kòkó kọ́ ni ìjọba fẹ́. Òwú ni wọ́n fẹ́, fún àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí òwú ni wọ́n ṣe gba ilẹ̀ Moor Plantation ní Ìbàdàn, tí British Cotton Growing Association fi wọlé síbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wo iye tí wọ́n ń ra òwú, wọ́n rí i pé kò tó nǹkan, wọ́n sì yíjú sí kòkó. Àwọn ọmọ Yorùbá ló kọ́kọ́ fi owó ara wọn dán kòkó wò ní ìtòsí Agége: J. P. L. Davies ní nǹkan bí 1880, lẹ́yìn rẹ̀ J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó lọ ṣe lébìrà ní oko wọn ló kó èso rẹ̀ wá sílé. Ní Ìbàdàn, ogun ti tán, àwọn ọmọ ogun ò níṣẹ́ mọ́, igbó sì pọ̀ ní gúúsù ìlú. Wọ́n fi ìbọn sílẹ̀, wọ́n mú àdá. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé òyìnbó ló fún wa ní ọrọ̀ kòkó, ẹ rántí àwọn wọ̀nyí. Òyìnbó la ojú irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù tó sọ ojú irin di olówó, àwọn baba wa ló gbìn ín, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé àpò kòkó kan láti oko dé Dùgbẹ̀. Àgbẹ̀ á ká a, á là á, á kó hóró tútù rẹ̀ jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, á sì fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Á gbóná nínú ewé náà, omi á máa ro lára rẹ̀, ibẹ̀ ni adùn tí àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ń wá ti ń wọ inú hóró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òjò bá ṣú, tọmọdé tàgbà á sáré lọ kó o. Ìgbà tó bá gbẹ dáadáa ni wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, àpò mẹ́rìndínlógún ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Ó dé Gbàgí, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Olùyẹ̀wò ìjọba á bu hóró díẹ̀ nínú àpò, á fi ọ̀bẹ là á sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá ó bu tàbí kò ṣe dáadáa, á sì sọ gírédì rẹ̀. Wọ́n á di ẹnu àpò, ó di inú ọkọ̀ ojú irin, ó di Èkó, ó di òkun.

Ní gbogbo ojú ọ̀nà yìí, àgbẹ̀ kò ní ọwọ́ nínú iye tí wọ́n máa rà á. Kò sí ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń lọ kòkó náà di nǹkan mìíràn. Hóró gbígbẹ ló ń lọ, ṣokoléètì nínú agolo ló ń padà wá, ní iye tí àgbẹ̀ kòkó kò lè rà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kí kòkó tó pọ́n, wọ́n ti fi oko dúró fún gbèsè. Ní 1937, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, UAC àti Cadbury lára wọn, fẹnu kò láti má ṣe bá ara wọn díje mọ́ nínú ríra kòkó ní Gold Coast àti ní Nàìjíríà. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀, wọn ò ta kòkó fún oṣù mélòó kan. Níbí, ẹgbẹ́ òṣèlú Nigerian Youth Movement gbé ariwo rẹ̀ sókè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá, ìgbìmọ̀ náà sì sọ ní 1938 pé àdéhùn àwọn ilé iṣẹ́ náà kò dára, kí wọ́n fà á ya.

Owó-orí ni apá kejì ètò náà. Ìjọba tó ń náwó gbọ́dọ̀ rí owó ná, wọ́n sì fẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń jọba lé lórí sanwó ìjọba náà. Ní 1916, Òkèihò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ètò ìjọba tuntun, wọ́n sì fi ẹ̀mí dí i. Ní 1918 tí owó-orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì tú irin rélùwéè ní gúúsù Abẹ́òkúta. Ẹ wo ohun tí wọ́n yàn láti tú. Wọ́n mọ ọ̀nà tí ọrọ̀ wọn ń gbà lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú, Ọ̀ṣílẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, sì wà lára wọn. Ètò ìjọba tuntun yẹn kan Ìbàdàn náà: Captain Ross, ọ̀gá òyìnbó tó wà ní Ọ̀yọ́, fi ìlú sábẹ́ Aláàfin ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ, tó fi di pé wọ́n yọ Baálẹ̀ Ṣítù, ọmọ Ààrẹ Látòósà, lóyè ní 1925. Ọdún 1934 ni Ìbàdàn tó bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́.

Wọ́n tún pín ìlú sí méjì. Oníreke, Jẹ́ríkò àti Ìyágankú ni ibùgbé òyìnbó, pẹ̀lú ọ̀dà lójú ọ̀nà. Bẹẹrẹ àti Òjé ò rí irú rẹ̀. Àwọn òyìnbó ní ilé ìwòsàn tiwọn ní Jẹ́ríkò, ará ìlú ní Adéọ̀yọ́. Síbẹ̀, omi Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n sé ní 1942 ṣì ń dé ẹnu ẹ̀rọ àwọn ènìyàn, Adéọ̀yọ́ ṣì ń gbẹ̀bí aboyún. Mi ò lè kọ̀ ọ́ pé ohun rere ni. Mo kàn fẹ́ ká rántí pé owó-orí àti owó kòkó ló kọ́ ọ, kì í ṣe owó tí wọ́n kó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ta wá lọ́rẹ.

Erékùṣù kan wà ní ìlà oòrùn Éṣíà tó lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa yé wa sí i. Táíwàn ni. Ní 1895, ọdún méjì lẹ́yìn tí Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé, Jàpáánì gbà á lọ́wọ́ Ṣáínà lẹ́yìn ogun, ó sì jọba níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún. Jàpáánì náà la ojú irin láti àríwá dé gúúsù erékùṣù náà, wọ́n parí rẹ̀ ní 1908, fífẹ̀ irin wọn sì jẹ́ mìlímítà 1,067, gẹ́lẹ́ bíi ti irin Dùgbẹ̀. Ìrèké ni kòkó tiwọn. Ìjọba pín ilẹ̀ sí ẹkùn-ẹkùn, ilé iṣẹ́ ṣúgà kan ló ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò sì lè ta ìrèké rẹ̀ fún ẹlòmíì. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé òmùgọ̀ tó ga jù ni ẹni tó gbin ìrèké tó sì ní kí kọ́ńpìnnì bá òun wọ̀n ọ́n. Àgbẹ̀ tó ti gbé àpò kòkó lé òṣùwọ̀n ní Gbàgí kò nílò ògbufọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà, ó sì gba àròjinlẹ̀. Jàpáánì kọ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà sórí erékùṣù náà, ó la omi sí oko ìrẹsì, nígbà tó sì fi kù díẹ̀ kí ìjọba rẹ̀ parí, nǹkan bí ọmọ méje nínú mẹ́wàá ló wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Jàpáánì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ilé ìwé tiwa sílẹ̀ fún àwọn ìjọ ní pàtàkì. Ní ọ̀nà mìíràn, tiwa sàn jù. Àwọn kọ́ńpìnnì ṣúgà gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní Táíwàn, àwọn ọmọ ilẹ̀ tó wà lórí òkè sì jìyà gidi: nígbà tí wọ́n dìde ní Wushe ní 1930, Jàpáánì fi ọkọ̀ òfurufú àti gáàsì bá wọn jà. Níbí, Lever tó ń ṣe ọṣẹ bẹ ìjọba pé kó fún òun ní ilẹ̀ fún oko ọ̀pẹ ńlá, ìjọba kọ̀ fún un. Ilẹ̀ kòkó wà lọ́wọ́ ìdílé títí òyìnbó fi lọ. Mo ka ìyẹn sí ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tí ìjọba náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọn ò ṣe ni.

Bí àwọn ará Táíwàn ṣe ń rántí Jàpáánì náà tún ní ẹ̀kọ́ fún wa. Ìjọba tó tẹ̀lé Jàpáánì ní 1945 wá láti Ṣáínà, ní 1947 ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará erékùṣù náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìgbà Jàpáánì sàn. Àwọn àgbà tiwa náà máa ń sọ pé ìgbà òyìnbó sàn. Kí a tó gbà tàbí kọ̀, ká kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń wé.

Èyí gbé wa dé apá tó ṣòroó sọ jù, torí àwa fúnra wa ló kàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ara rẹ̀ di ẹnì kan ṣoṣo tó lè ra kòkó. Ní 1947 wọ́n dá bọ́ọ̀dù kòkó ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn: kí kòkó tó jáde, bọ́ọ̀dù á kéde iye kan, àwọn agẹ́ǹtì tó ní láísẹ́ǹsì nìkan ló lè rà á, iye yẹn náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi rà á, bọ́ọ̀dù á tà á ní Lọ́ńdọ̀nù ní iye tó ga ju ìyẹn lọ, ohun tó bá lé, wọ́n á fi pamọ́, pé bó bá di ọdún tí ọjà wálẹ̀, àwọn á fi dí i fún àgbẹ̀. Àlàyé náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ọjà ń lọ sókè lẹ́yìn ogun, àjẹkù ń pọ̀ sí i, ibi tí wọ́n sì ń fi í pamọ́ sí ni àpò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àsìkò tí owó ṣọ̀wọ́n fún wọn. Àgbẹ̀ Àkànrán ní oko Ìbàdàn ń yá Lọ́ńdọ̀nù lówó láìmọ̀. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àrùn kòkó dé, ìjọba sì ń rán àwọn òṣìṣẹ́ wọ oko láti gé igi tó ní àrùn. Inú bí àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn, wọ́n dá ẹgbẹ́ Máyégún sílẹ̀, Adégòkè Adélabú, olóṣèlú ọmọ Ìbàdàn, sì bá wọn kọ̀wé, ó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní 1954, bọ́ọ̀dù náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè rò pé àgbẹ̀ á wá gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ owó rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò náà dúró bó ṣe wà, ẹni tó di ẹnu àpò ló yí padà. Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́kàn mi ni pé ohun ńlá ni wọ́n fi owó náà ṣe. Ní oṣù kìíní 1955, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, iye ọmọ tó wà níbẹ̀ sì fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Tẹlifíṣọ̀n dé ní 1959. Ní 1965, Ilé Kòkó dìde ní Dùgbẹ̀, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mítà 105, kò sí ilé tó ga tó o ní Nàìjíríà nígbà náà. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, orúkọ náà sì tọ́ sí i. Lára owó náà kò dé ibi tó yẹ: ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ 1962 pé owó bọ́ọ̀dù gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ọmọ àgbẹ̀ rí ìwé kà, ọmọ ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ náà rí i kà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ nìkan ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́.

Ní ìparí 1968, àgbẹ̀ dáhùn ìbéèrè tí wọn ò bi í. Owó-orí ti wúwo, iye kòkó ti wálẹ̀, ọ̀nà oko ti bàjẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde, wọ́n ní 30 ṣílè làwọn á san. Tafa Adéoyè, olórí wọn, di orúkọ tí gbogbo ilé mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n ya ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn nínú oko láti pẹ̀tù sí wọn lọ́kàn, ìjọba sì já owó-orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ìbọn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n yìn sí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn, òyìnbó ti lọ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Wọ́n pa bọ́ọ̀dù rẹ́ ní 1986. Ilé Kòkó ti jóná ní oṣù kìíní 1985, ọdún 1992 ni wọ́n tún un ṣe tán. Iṣẹ́ ibùdókọ̀ Dùgbẹ̀ dín kù jọjọ. Ojú irin tuntun láti Èkó, tí àwọn ará Ṣáínà kọ́ tí wọ́n sì ṣí ní oṣù kẹfà 2021, gúnlẹ̀ sí Mọ́níyà, kò dé Dùgbẹ̀ rárá. Owó yíyá wà nínú èyí náà, àwọn ọmọ wa ló sì máa san án.

Láti 1986, ẹni tó ní kòkó ń tà á fún ẹni tó bá wù ú. Nígbà tí iye rẹ̀ lágbàáyé ga kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan ní 2024, àgbẹ̀ tiwa jẹ nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí àwọn ará Gánà àti Ivory Coast, tí ìjọba ṣì ń dá iye lé fún, ń wo iye náà lókèèrè, tí àwọn kan sì ń gba ẹnubodè gbé kòkó jáde. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tiwa ló ń dá ra oògùn, igi rẹ̀ ti gbó, kò sì sí ẹni tó máa gbà á bí ọjà bá wó. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dá a lábàá pé kí ìjọba tún dá bọ́ọ̀dù kòkó sílẹ̀. Kí àwọn àgbẹ̀ tó gbà, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n gbé síwájú: ta ló máa dá iye lé e, mélòó nínú wọn ló sì máa jẹ́ àgbẹ̀; báńkì wo ni àjẹkù máa wà, lórúkọ ta; àti pé lọ́dọọdún, ta ló máa dúró níwájú wọn ní Àkànrán àti Ìdí-Ayùnrẹ́ láti ka ìṣirò náà sí etí wọn ní èdè Yorùbá.